Ta ló fi dọ́là 25 yẹn ránṣẹ́? Bí owó kékeré ṣe di ẹjọ́ ńlá nínú ìbò Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sórí nọ́ọ̀sì kan ní Houston, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti gba ìwé ọmọ onílùú ó ti pẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ alẹ́, kò tíì ṣáná sí mọ́tò tí fóònù rẹ̀ fi dún. Olùdíje kan ló kọ̀wé sí i pé ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú kí òun tó rí dọ́là 25 gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó tẹ líǹkì tó fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà káàdì kò ni í lára. Ohun tó mú un dúró ni àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: Ibo lò ń gbé? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́? Lẹ́yìn ìyẹn ni àpótí kékeré kan tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè kọjá, pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lòun tàbí pé òun ní green card, àti pé owó ara òun lòun fi ṣe é, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Ìyá tó ń ta ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún un lọ́jọ́ Sátidé ń gba ju iye yẹn lọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bi í léèrè ibi tó ń ṣiṣẹ́ rí.

Àwọn ìbéèrè yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní wọn ò béèrè tó, pé inú owó kékeré ni àjèjì àti oníjìbìtì ń gbà wọlé. Àwọn kan ní wọ́n ń béèrè jù, pé kí ni ti orúkọ tálákà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí owó oúnjẹ ọ̀sán? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo yìí ni kò mọ bí òfin náà ṣe rí gan-an.

Ẹnu jẹ, ojú tì: ìdí òfin yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ti fún olóṣèlú lówó, ojú ẹni náà á máa ti olóṣèlú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ará ìlú mọ ẹni tó fún un. Lọ́dún 1974, ọdún tí ọ̀ràn Watergate lé Ààrẹ Nixon kúrò lórí àga, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tún òfin owó ìbò ṣe, wọ́n sì dá àjọ FEC sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, láti máa ṣọ́ owó àwọn tó ń du ipò ìjọba àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wá kù ni ibi tí wọ́n máa fà á dé. Ṣé ẹni tó ju dọ́là márùn-ún sínú fìlà níbi ìpàdé náà ni wọ́n á máa kọ orúkọ rẹ̀ síta?

Wọ́n fa ìlà sí dọ́là 100. Àwọn kan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ pé ìlà náà ti kéré jù. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá wọn lóhùn ní 1976, nínú ẹjọ́ Buckley, pé ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣòfin ni láti mú iye kan, kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ní 1979 ni wọ́n gbé e sí 200. Láti ìgbà náà, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ohun tí dọ́là 200 rà lọ́dún yẹn, ó ti lé ní 800 kéèyàn tó rà á lónìí. Ohun tó sì jẹ́ kó yani lẹ́nu ni pé iye tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè fún olùdíje fún ìbò kan, wọ́n ti so ìyẹn mọ́ bí nǹkan ṣe ń wọ́n lọ́jà láti 2002. Ní 2008, 2,300 dọ́là ni. Fún ìbò 2026, ó ti di 3,500. Òrùlé ń ga sí i, ìlẹ̀kùn kékeré ìsàlẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Owó tí kò ju dọ́là 50 lọ, akápò olùdíje kò ní dandan láti mọ ẹni tó mú un wá, bí ẹ ju ú sínú garawa níbi ìpàdé, ó ti bá a lọ. Tó bá ti ju 50, akápò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sínú ìwé, àmọ́ ọ́fíìsì olùdíje ni ìwé náà ń gbé. Tí àpapọ̀ ohun tí ẹ fún olùdíje kan láàárín sáà ìbò náà bá wá ju 200 lọ, orúkọ yín, ibi tí ẹ ń gbé, iṣẹ́ yín àti ẹni tó gbà yín síṣẹ́ á bọ́ sí gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lórí ìkànnì FEC. Àpapọ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí nọ́ọ̀sì wa bá gbà kí olùdíje náà fúnra rẹ̀ máa yọ dọ́là 25 lóṣooṣù, ìgbà kẹjọ ló máa pé 200 géérégé, tí orúkọ rẹ̀ á ṣì wà nínú ìwé akápò. Ìgbà kẹsàn-án ló máa gòkè odò. Owó bébà kò tún rọrùn bẹ́ẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fún olùdíje ní ju 100 dọ́là lọ ní owó bébà, bó ti wù kí wọ́n mọ̀ ọ́n tó.

Nǹkan kan wà nínú òfin yẹn tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú orúkọ àwọn tó dáwó kúrò lórí ìkànnì FEC láti fi ta ọjà tàbí láti fi tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó ṣe é? Òfin gba olùdíje láyè láti fi orúkọ ayédèrú bíi mélòó kan, kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ, sáàárín orúkọ gidi nínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí FEC. Bí lẹ́tà ìpolówó bá dé sí orúkọ tí kò sí lókè eèpẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé olè ti wọ inú ìwé náà. Takúté lórí ìwé ìjọba, tí ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ sí!

Ohun tí àwọn tó fa ìlà yẹn ní 1979 kò rí tẹ́lẹ̀ ni fóònù inú mọ́tò. Nígbà ayé wọn, ṣẹ́ẹ̀kì ni, àpò ìwé ni, sítáǹpù ni, ẹni tó bá fẹ́ gba dọ́là márùn-ún lè ná mẹ́rin láti fi wá a. Ìkànnì ActBlue dé ní 2004, ó ń gba owó fún àwọn Democrat lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Republican dá WinRed tiwọn sílẹ̀ ní 2019. Ní July 2024, nígbà tí Biden fi ìdíje sílẹ̀ tí Kamala Harris gba ipò rẹ̀, àwọn tó ń polongo fún un ní 81 mílíọ̀nù dọ́là wọlé láàárín wákàtí 24, látọwọ́ èèyàn tó lé ní 880,000. Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, lálẹ́ ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ ní New York dá Trump lẹ́bi, èèyàn ya bo ibi tó ti ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ó dákẹ́, àwọn tirẹ̀ sì ní 34.8 mílíọ̀nù làwọn rí gbà níbẹ̀. Kéèyàn wá sọ pé owó kékeré kì í ṣe owó!

Ibí yìí gan-an ni òfin ti lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. ActBlue àti WinRed kì í ṣe olùdíje. Lójú òfin, alágbàrù ni wọ́n: wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín, wọ́n gbé e lọ fún ẹni tí ẹ dárúkọ. Òfin sì ní alágbàrù gbọ́dọ̀ sọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbé ẹrù fún, bó jẹ́ dọ́là kan péré. Ìlà 200 yẹn kò bá wọn wí. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì wa bá fi dọ́là 25 ránṣẹ́ nípasẹ̀ ActBlue lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ó ti wà lórí ìkànnì FEC: orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e, Houston, TX, nọ́ńbà àdúgbò rẹ̀, ọjọ́ tó sanwó, 25.00, àti olùdíje tó rán an sí. Aládùúgbò rẹ̀ tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì 150 dọ́là, tó sì fi í sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí olùdíje kan náà tààrà, ẹ lè wá a títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní rí i. Kò sí aṣòfin kan tó jókòó pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó wá kó mílíọ̀nù ńkọ́? Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá ẹjọ́ Citizens United ní 2010, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, èyí tó pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ, lè ná owó rẹpẹtẹ láti ti olùdíje lẹ́yìn tàbí láti bà á jẹ́, kò sì pọn dandan kó sọ ẹni tó fún un lówó. Níbi ìkówójọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹni tó náwó jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè jáde, ẹni tó mú igba náírà wá á rọra sọ ọ́ sínú àwo. Nínú ìbò Amẹ́ríkà, ẹni tó mú igba náírà wá ni wọ́n ń fi makirofóònù pè, alága ayẹyẹ wà nínú yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ariwo yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ìfarahàn orúkọ fúnra rẹ̀ sì má jọ ohun kékeré lójú wa. Ní 2008, wọ́n dìbò ní California lórí bóyá kí ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin lè fẹ́ ara wọn. Brendan Eich fi 1,000 dọ́là ti àwọn tó ní kí wọ́n má gbà á lẹ́yìn. Òfin ìpínlẹ̀ náà sì ní kí orúkọ ẹni tó bá fún ní 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní gbangba. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 2014, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà Mozilla, ilé iṣẹ́ tó ṣe Firefox. Àwọn èèyàn hú orúkọ rẹ̀ jáde nínú àkọsílẹ̀, ariwo sì pọ̀ débi pé ó fi ipò náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan á ní ó tọ́ sí i. Ó dáa, àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Alabama ní kí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, gbogbo ayé ló mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde: iṣẹ́ á bọ́, òkúta á wọ ojú fèrèsé. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 1958 kọ̀ fún Alabama. Ìwé kan náà tó ń tú àṣírí olówó lè di ìwé tí wọ́n fi ń dọdẹ mẹ̀kúnnù, ọwọ́ ẹni tó bá bọ́ sí ló kù.

Àwọn tó ní kí wọ́n mú òfin le sí i náà kò purọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹnì kan bá ní 20,000 dọ́là tí kò yẹ kó fún olùdíje, tó bá gé e sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó fi orúkọ oríṣiríṣi sí i, ta ló máa mọ̀? Ní 2008, nígbà tí Obama ń díje, àwọn oníròyìn rí olùtọrẹ kan nínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí FEC tó ń jẹ́ Doodad Pro. Níbi iṣẹ́, ó kọ “You”; níbi ẹni tó gbà á síṣẹ́, ó kọ “Loving”. Owó tí orúkọ yẹn ti san, tó ń bọ̀ ní kékèké, ti ju 17,000 dọ́là lọ, nígbà tí òfin ní kó má ju 2,300. Ẹlòmíì ń jẹ́ Good Will. Ẹ kíyè sí i pé àkọsílẹ̀ gbangba ló tú wọn fó. Ká ní olúkúlùkù owó yẹn ní orúkọ ọ̀tọ̀, tí kò sì sí èyí tó ju 200 nínú wọn, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá rí i.

Ohun tí ìjà fi tún gbóná láti 2023 nìyẹn. Ken Paxton, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ActBlue wò. Ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin ní Washington náà dá sí i. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gùn lé ni nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì: ó pẹ́ tí ActBlue kì í fi dandan béèrè rẹ̀, kó tó wá sọ ọ́ di dandan. Ní April 24, 2025, Ààrẹ Trump kọ̀wé pàṣẹ fún agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ kó wádìí owó tí àjèjì ń gbà wọlé àti èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíì san lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé náà ní láàárín ọjọ́ 30 nínú ìdíje 2024, ActBlue rí owó 237 tó wá láti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n sì fi káàdì tí wọ́n ti rówó sí tẹ́lẹ̀ san.

Ó yẹ ká farabalẹ̀ wo 237 yẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà tó wà ní Lẹ́kkí lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tó sì fi fóònù fún olùdíje lówó, òkè òkun ni owó rẹ̀ ti wá, òfin kankan kò sì kọ̀ ọ́. Sójà tó wà ní Jámánì ńkọ́? Ibi tí fóònù wà kọ́ ni òfin ń wò, ẹni tó di fóònù mú ni. Káàdì tí wọ́n ti rówó sí ló yẹ kó mú èèyàn fura, nítorí kì í ní orúkọ lára, ẹnikẹ́ni ló lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun mìíràn sì wà: orúkọ ActBlue wà nínú ìwé ààrẹ náà, orúkọ WinRed kò sí níbẹ̀. WinRed yìí ni àwọn tó ń polongo fún Trump lò ní 2020, nígbà tí wọ́n máa ń tẹ àpótí “kí ẹ máa yọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀” sílẹ̀ de àwọn olówó kékeré. Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀, ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan lòun san, báǹkì á máa yọ ọ́ lọ. Àwọn àgbàlagbà ló bá a lọ jù. Ní May 2021, gbogbo kọmíṣánnà FEC, Democrat àti Republican, panu pọ̀ rọ ilé aṣòfin kí wọ́n fòfin de irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn yẹn ń fohùn ṣọ̀kan kò pọ̀.

Àjọ tó yẹ kó dájọ́ náà sì wà nínú wàhálà tirẹ̀. Kọmíṣánnà mẹ́fà ló yẹ kó wà ní FEC, mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè pinnu ohunkóhun tó nípọn. Nígbà tí May 2025 fi máa wọlé, wọ́n ti ku mẹ́ta. Ìwé ẹ̀sùn ń wọlé nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó lè dá a.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà tiwọn síbòmíràn. Òfin wọn ti ọdún 2000 ní owó tí kò bá ju 500 pọ́n-ùn lọ, a ò ní kà á sí ọrẹ rárá. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní láti wádìí ẹni tó mú un wá. Ó dàbí ohun tó bọ́gbọ́n mu títí di May 2019, nígbà tí Brexit Party tí Nigel Farage ń darí ń gba pọ́n-ùn 25 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fara mọ́ wọn, nípasẹ̀ PayPal, lọ́pọ̀ yanturu. Ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dìbò, àjọ elétò ìdìbò wọlé tọ̀ wọ́n lọ láti wo ìwé wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó náà jẹ́ kó rọrùn gan-an fún owó tí kò yẹ láti ráyè wọlé. 500 pọ́n-ùn yẹn ṣì wà níbi tó wà, àmọ́ ní January 2024, iye tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ kúrò ní 7,500, ó di 11,180.

Ẹni tó bá ń ka èyí n'Íbàdàn lè máa rẹ́rìn-ín. Òfin ìdìbò Nàìjíríà ti ọdún 2010 ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú má gba ohun tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 náírà lọ àyàfi tó bá lè sọ fún INEC ibi tó ti wá. Òfin 2022 gbé e lọ sí mílíọ̀nù 50. Owó kékeré tiwa sì gba ọ̀nà ibòmíràn: olùdíje ló ń mú un tọ olùdìbò wá lówùúrọ̀ ọjọ́ ìbò, a sì ti fún un lórúkọ tirẹ̀, dìbò-kóo-sebẹ̀.

Ibi tó kan ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun gbọ̀ngbọ̀n, mi ò tíì gbọ́ kí àwọn olóṣèlú máa sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n bá wá sí ayẹyẹ wa wá gba ìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní London, tí físà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nítorí pé ọmọ Commonwealth ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé olùdìbò lè fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó, bó ju 500 pọ́n-ùn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Maryland lórí físà iṣẹ́, tó ti ń san owó orí fún ọdún mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ fún olùdíje kankan ní dọ́là kan. Ìgbà tó bá gba green card ló tó lè ṣe é. A sì mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan: bí a ò bá lè débi ìnáwó, a ó fi tiwa rán ẹlòmíì, “bá mi fi kún tìẹ.” Bí ẹ̀gbọ́n yìí bá fi 50 dọ́là rán ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílùú, tí ìyẹn mọ̀ dájú pé owó ẹni tó rán òun ni, tó sì tẹ àpótí kékeré ìsàlẹ̀ yẹn pé owó ara òun ni, òfin Amẹ́ríkà pe ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ní fífi orúkọ ẹlòmíì dáwó, kò sì sí iye tó kéré jù fún un.